Lábẹ́ Búlúù

Ọkọ̀ náà kò kú, ó kàn jókòó ni,
lẹ́yìn ilé wa ní Èbúté-Mẹ́ta,
láàárín kànga tí a ti dí àti okùn aṣọ Ìyá Adémidún.
Dátúsìn píkọ́ọ̀pù. Ọdún kan náà la jọ wọ ilé yìí,
èmi nínú ṣọ́ọ̀lù, òun nínú gíríìsì.
Adìyẹ ti yé sábẹ́ sìtíárìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kì í dún,
ó ń ráhùn ni.

Ọmọkùnrin ọlọ́mọlanke tó ń ra irin àlòkù
yí i po bí ẹni ń wo àgbò Iléyá.
Mo ní kò sí títà.
N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n mi ní orí mi kò pé.

Etí ọ̀sà ni bàbá mi ń gbé e sí, ní Òkò Bàbá,
níbi tí ìtí igi ti ń sùn lójú omi bí ọ̀nì.
Gẹdú, ìrókò tútù, omi wọn ń kán,
ẹ̀yìn ọkọ̀ ń mu iyọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Bí ìpáàrà ti ń ṣe nìyẹn.
Kì í kan ilẹ̀kùn. Inú ló ti ń jẹ bọ̀ wá síta,
ọ̀dà á sì máa dán lókè
bí ẹ̀rín ẹni tó jẹ gbèsè.

Jẹlíìlì panẹbítà dé ní Sátidé.
Ó fi ìka gbá ara ọkọ̀, ó dẹ etí sílẹ̀:
kó, kó, kó. "Ibí yìí ṣì jẹ́ irin."
Pò. "Èyí ti di bisikíìtì."
Ó gé ohun tó jẹrà, ó jó páànù tuntun mọ́ ọn,
ó ku ìka mẹ́ta kí ó parí, NEPA mú iná lọ.
Mo bu omi, mo mú pépà,
mo ń kín in bí ẹni ń kín ẹ̀yìn àgbàlagbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Funfun kọ́kọ́ lọ.
Búlúù wà lábẹ́ funfun,
eruku rẹ̀ bà lé aṣọ funfun Ìyá Adémidún,
ó bú mi dé orí ẹni tó bí mi.
Lábẹ́ búlúù, lára ilẹ̀kùn, lẹ́tà pupa:
ṢÓWÁNDÉ ÀTI
Mo rò pé èmi ni mo kàn. "Àti Àwọn Ọmọ."
Mo da omi sí i, mo rọra kín in.
LÁṢEBÌKAN.

Láṣebìkan. Eyín góòlù kan níwájú.
Òun ló ń gbé mi kọ́rùn rìn lórí ìtí igi,
tí omi ń mì lábẹ́ wa, tí kò jẹ́ kí n bẹ̀rù.
Lọ́jọ́ kan, kò wá mọ́.
Mo bèèrè. Ìyá mi ní kí n jẹ oúnjẹ mi.
Ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá mi ra ọ̀dà búlúù.
Nígbà tí mo gbọ́ òórùn rẹ̀,
mo rò pé ọdún ló ń bọ̀.

Jẹlíìlì ní, "Pọ́tì díẹ̀, ojú kò ní rí i mọ́."
Òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ dá a tó bẹ́ẹ̀.
Ohun tí a kùn wà, ihò tí pọ́tì kún wà,
ohun tó kù, n kò mọ ẹni tó ni ín.
Ta ló jẹ ta? Ìwé ìṣirò wọn ti bá àgbàrá lọ.

Lọ́jọ́ tí a fọ́n ọ̀dà, àwọ̀ ewé,
mo fi téèpù bo orúkọ méjèèjì.
Jẹlíìlì pòṣé, ó ní yóò dà bí àlẹ̀mọ́ ìdí ṣòkòtò.
Ó dà bí àlẹ̀mọ́ lóòótọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣí téèpù.
Ìyá mi ti ọ̀pá rẹ̀ jáde,
ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, ọ̀dà kò tíì gbẹ.
Ó kà á sínú, ètè rẹ̀ ń mì.
"Bàrígà ló kó lọ," ó ní.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó yí padà wọlé,
ìka rẹ̀ mẹ́ta, àwọ̀ ewé,
ṣì wà lára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.