Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Fowó Ra Kòkòrò

Àpótí kan dé láàárọ̀ Ọjọ́rú,
ó tutù bí àpótí ẹja.
Maureen fọ̀bẹ là á, ó ní kí n na ọwọ́:
páálí pẹlẹbẹ bíi sítáḿpù lẹ́tà,
hóró dúdú tín-ín-tín lẹ̀ mọ́ ọn lára
bí ẹ̀tù ìbọn.
Agbọ́n ló sùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn,
agbọ́n tí kì í ta èèyàn,
tí ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí.
"Fi kọ́ ewé ìsàlẹ̀, níbi tí oòrùn ò dé."
Mò ń fi kọ́, mò ń dá rẹ́rìn-ín:
ìlú tí wọ́n ti ń fowó ra kòkòrò!

Orúkọ wa fẹ́ jọra, èmi àti ọ̀gá mi.
Morẹ́nikéjì ni bàbá mi sọ mí,
"Moreni" lahọ́n Spalding gé e sí.
Ẹni bá pe ọ̀kan láàárín òdòdó,
àwa méjèèjì la ó dáhùn.

Nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀rọ̀ kọjá agbọ́n,
a fín oògùn sí Ilé Kẹta, lẹ́ẹ̀kan péré.
Maureen wọ aṣọ funfun délẹ̀, ìbọ̀wọ́, ìbòmú rọ́bà,
ó dà bí ẹni ń lọ sínú òṣùpá.
Nígbà tó jáde, ó gbé àwòrán agbárí kọ́ ẹnu ọ̀nà:
ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé títí di aago méje òwúrọ̀.
Ìgbà náà ni mo tọwọ́ bàpò.
Fóònù mi wà nínú lọ́hùn-ún, láàárín ìkòkò òdòdó,
ó ń tàn, ó ń gbọ̀n.
Mo kà á láti ẹ̀yìn gíláàsì: BÀBÁ.
Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn.
Kí ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, mẹ́wàá bọ̀?
Òórùn kan rọra yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn,
òórùn ọdún méjìlélógún sẹ́yìn,
oko kòkó ní Ìfẹ̀wàrà:
bàbá mi pẹ̀lú àkísà nímú,
Gàmálìn ń ṣàn láti ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí itan,
ó ń bú kòkòrò bí ẹni ń bú olè.
Nírọ̀lẹ́ a ṣan agolo rẹ̀,
òun la fi ń bu omi mu.

Mo yọwọ́ kúrò.
Mo wo orúkọ bàbá mi títí ó fi kú lójú gíláàsì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí a kọ́ páálí, mo ka àtè:
lọ́sẹ̀ tó lọ, eṣinṣin funfun mọ́kànlá,
lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́rìndínlógójì.
Àyà mi là. Kérésìmesì ti ń kanlẹ̀kùn,
ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó òdòdó pupa.
"Ká fín in, Maureen."
Ó ní, "Ta lo fẹ́ pa? Agbọ́n ni yóò kọ́kọ́ kú.
Eṣinṣin ti mọ oògùn yẹn lórúkọ àbísọ."
Ó gbé awò kékeré lé mi lọ́wọ́.
Lára hóró dúdú kan, ihò roboto.
Ẹnìkan ti jí, ó ti jáde lọ síṣẹ́.

Mo ròyìn fún bàbá mi lálẹ́.
Ẹ̀rín pa á, ẹ̀rín di ikọ́,
ikọ́ yẹn tí kì í tètè tán.
Mo gbé fóònù dání, mo dúró dè é.
Nígbà tó rí èémí mí, ó ní,
"Agbọ́n ọ̀hún... èló ni ẹyọ kan?"