Okùn Karùn-ún

Ọjọ́ Ẹtì ni Vencel gbé béèsì rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa,
ó gbé e bí ẹni gbé aláìsàn,
orí síwájú, ìdí lẹ́yìn,
ó ní, "Ẹ bá mi wá etí fún un."

Ní Szeged, létí odò Tisza, ta ni kò mọ béèsì yìí?
Àdúrólù, ó ga ju ẹni tó ni ín lọ,
àmì omi ṣì wà níbàdí rẹ̀ láti ọdún tí odò wọlé,
ìfun àgùntàn ni okùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ogójì ọdún ló fi búra pé wáyà iná kò ní kàn án lára.
Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ tó ti ń ṣeré ti gba onílù tuntun,
Zsombor, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
tó ń lu ìlù bí ẹni pé ìlù jẹ ẹ́ lówó.
Ìka Vencel náà kò le bíi ti àná mọ́.
Kò sọ ti ìka. Ti onílù ló ń sọ.

Ottília ọ̀gá mi to píkọ́ọ̀pù sórí tábìlì.

Ọ̀kan kéré bí owó ẹyọ.
A há a sí apá afárá, níbi tí okùn ti ń gorí igi kọjá.
Vencel fa okùn. Ẹ̀rọ dáhùn: kúẹ́.
Ó tún fà á. Kúẹ́.
"Mi ò mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ ni mo ti ń sìn," ó ní.

Òòfà la so mọ́ ìsàlẹ̀ ọrùn lẹ́yìn ìyẹn.
Ó fa okùn, kẹ́kẹ́ pa.
Òòfà kì í gbọ́ ìfun, irin nìkan ló ń gbọ́.
Ottília ní kó kúkú pààrọ̀ okùn sí irin.
Vencel wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó pààrọ̀ ìyàwó,
ìyàwó sì rèé lórí àga lẹ́nu ọ̀nà,
Etelka, pẹ̀lú àpò ọjà lórí itan.

A fi fóòmù wé makirofóònù kékeré,
a tì í bọ àárín ẹsẹ̀ afárá méjèèjì.
Èyí gbọ́. Ó gbọ́ jù.
Ó gbọ́ okùn, ó gbọ́ èémí bàbá,
ó gbọ́ bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ń họ igi,
ó gbọ́ bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níta.
Mo yí i sókè díẹ̀, ó gbọ́ ara rẹ̀,
ló bá ń hu, hùùùù,
bí ajá tó rí ajá nínú dígí.
Mo sáré pa á.

Nígbà tí wọ́n ń jiyàn,
mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ikùn béèsì.
Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró níbẹ̀, láàrin àyà àti ẹ̀yìn,
kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ìṣó,
ẹrù okùn nìkan ló mú un dúró.
Lélek ni wọ́n ń pè é níbí: ẹ̀mí.
Mo rọra pa iná.

Ó ku méjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
A tẹ́ wọn sábẹ́ ẹsẹ̀ afárá,
a so wọ́n mọ́ àpótí oníbátìrì tí yóò fún wọn lágbára.
Etelka dìde. Ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí lọ, ó ti ilẹ̀kùn.
"Ó yá, lù ú."
Vencel lù ú, orin tí kò lórúkọ,
èyí tó máa ń lù lóru nígbà tí oorun bá kọ̀ ọ́.
Ó pẹ́ díẹ̀.
Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ohùn rẹ̀ ti wá:
"Èyí ni. Ògiri ilé ìdáná wa nìyẹn."
Kò sẹ́ni tó bi í ohun tó ń sọ.

Ó san ìdajì. Ìyókù di lẹ́yìn Sátidé.
Ó gbé béèsì kọ́ èjìká, ó gbàgbé wáyà,
ẹ̀rọ ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀
bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú.
Mo ké pe, "Bàbá, ẹ dúró!
Okùn karùn-ún ṣì dì yín mú."
Ó wẹ̀yìn.
"Karùn-ún kẹ̀? Mi ò tíì mọ mẹ́rin tán."