Àwọn Tó Wà Lára Ògiri

Láràárọ̀ Mọ́ńdè, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lu mẹ́fà,
èmi ni mo ń nu eruku kúrò lójú àwọn ẹni ńlá.
Àkísà òwú, omi díẹ̀, ọṣẹ tí kì í họ gíláàsì.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé
tí mo ti ń fọwọ́ pa bíṣọ́ọ̀bù lẹ́rẹ̀kẹ́
tí kò sì bá mi wí.

Ìlú wa kéré. Àgbàdo ló yí i ká,
àgbàdo àti ojú irin tí rélùwéè ti gbàgbé.
Yunifásítì yìí la fi ń yangàn ní Òháyò,
òun àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì
tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún, bíríkì pupa,
níbi tí òtútù ti máa ń kọ́kọ́ balẹ̀.

Ẹ wò ó, Bíṣọ́ọ̀bù Orville Stackhouse nìyí,
ẹni tó lanu tí odidi pápá ìṣeré dákẹ́.
Akólòlò ni nígbà tí mo mọ̀ ọ́n.
Nígbà tí ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́ ku ọ̀la,
mo bá a lábẹ́ ilé, ó ń wàásù fún bọ́ílà.
"Ol... Ol... Olúwa," títí ilẹ̀ fi mọ́.
Bọ́ílà ń dá a lóhùn: ṣùú, ṣùú.
N kò rò pé ó tún rí ìjọ tó ní irú sùúrù yẹn mọ́.

Sẹ́nétọ̀ Kreider. Ayàwòrán kun irun fún un ju èyí tó ní lọ.
Ó jẹ mí ní dọ́là méje
láti ọjọ́ tí mọ́tò rẹ̀ rì sínú yìnyín.
Owó kékeré ni. Mo kàn ń sọ ọ́ ni
kí férémù lè gbọ́.

Lavinia Ostrander, tó wo ojú ọ̀run títí
tó fi rí ìràwọ̀ tí ẹnì kan ò tíì sọ lórúkọ:
ọwọ́ mi ló ti gba kọ́kọ́rọ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.
Ó lòdì sófin, mo mọ̀.
Bó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìdájí, imú rẹ̀ á ti pọ́n bí ata,
á ní, "Ọ̀gbẹ́ni Haskell, mo tún rí i!"
Èmi á ní, "Ó dáa. Lọ sùn."

Lọ́dọọdún ni ìgbìmọ̀ ń jókòó, wọn a yan ẹnì kan kún un.
Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ta ọṣẹ ìfọyín
títí owó rẹ̀ fi kọ́ ilé ìkàwé.
Wọ́n gbé e wá. Mo wọn ògiri, mo kan ìṣó.
Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́.

Ẹnì kan wà tí kò sí níbẹ̀.
Curtis Mumaw, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é.
Olùkọ́ Gíríìkì sọ fún mi, kì í sì í ṣe aláṣejù,
pé irú orí yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni láàárín ogún ọdún.
Ó ku oṣù mẹ́ta kó gboyè
ni ìyá rẹ̀ ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ,
apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n kọ̀ jálẹ̀.
Ó di ìwé rẹ̀ sínú àpótí ápù. Èmi ni mo bá a gbé e.
Kò sọ pé òun ń bọ̀. N kò sọ pé kó máa bọ̀.
Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko;
oko ni ilé rẹ̀, ìsinmi dà?

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wẹ ìyá rẹ̀.
Nísinsìnyí, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń wà.
Àwọn ọmọ ọ̀nà Tidball, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún méje,
a máa ké álífà, bẹ́tà, gámà
bí wọ́n bá ń kọjá lórí afárá.
Àwọn òbí rò pé eré lásán ni.

Ìṣó kan wà nínú àpò mi.
Ìṣó a máa ṣẹ́kù, kò ní ìtumọ̀ kankan.
Ẹ̀yin ẹni ńlá, ẹ ní sùúrù ná,
ojú yín mọ́ dé ààbọ̀, mò ń bọ̀.
Yìnyín ti bo igun ọ̀nà láti àná,
bọ́ọ̀sì Curtis á sì yà níbẹ̀ láago mẹ́fà ààbọ̀.
Ṣọ́bìrì mi dà?