Àgékù Aṣọ

Ọdún kẹrin rèé, Ṣórẹ̀mẹ́kún,
tí mo ti ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ.
Kì í ṣe gbólóhùn. "Mà" lásán tó mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí a ti Ṣágámù ń bọ̀,
dókítà ti ní etí rẹ gbọ́, ahọ́n rẹ ò lálèébù,
ó ní ká ṣì máa wò ó.
Ká máa wo kí ni?
Mo wo fèrèsé ọkọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìperu,
mo ń ka igi obì lẹ́bàá ọ̀nà,
mo ka mọ́kànlélógójì, oorun gbé ọ,
orí rẹ wúwo lápá mi,
n kò rántí iye tí mo kà mọ́.

Ìyá bàbá rẹ ní ká fi omi òjò àkọ́rọ̀ fọ ẹnu rẹ.
"Ọmẹ yìí á fọhùn," ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá òjò wí.
Àbúrò mi tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọkọ òun náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀,
pé látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, òun ò sinmi.
Pásítọ̀ ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje.
Mo gbà á. Ebi pa mí. O ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n máa ń ní ọmọ laṣọ.
Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ,
mo mọ ìwọ̀n èjìká, mo mọ ìwọ̀n ìbàdí,
mo lè fojú wo ènìyàn lásán kí n gé bùbá rẹ̀.
Aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ láìwọ̀n,
n kò mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sẹ́yìn.

Lóru ọjọ́ náà iná lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.
Àpò àgékù wà lábẹ́ tábìlì:
yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, àdìrẹ, àrán dúdú,
ìnùsí ìyẹ̀rì arúgbó kan tí kò padà wá gbà á.
Mo fa bébà sìmẹ́ńtì tí bàbá rẹ kó bọ̀ láti ibi iṣẹ́,
mo gbọn eruku rẹ̀ dànù,
mo po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lórí sítóòfù títí ó fi ki,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́.

N kò mọ ohun tí mo ń ṣe.
Mo lẹ òrùlé, páànù rẹ̀ ti dípẹtà.
Mo lẹ odò kan tí n kò rí rí.
Mo lẹ adìẹ Ìyá Ṣóyóyè,
èyí tí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa ń wo ara yín láìsọ̀rọ̀.
Ọwọ́ mi tó ti ń gbọ̀n látàárọ̀ wá rọlẹ̀.
Kì í ṣe pé ẹ̀rù tán.
Ẹ̀rù kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó ń bá mi di àlùmọ́gàjí mú.

Alaalẹ́ ni látìgbà náà.
Wọ́n ti di mẹ́tàlélógún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Bàbá rẹ ní, "Ta ni yóò rà á?"
Mo ní, "Ta ló bá ọ tajà?"
Ṣùgbọ́n òun náà ti ń yan bébà tí kò ya wálé.

Lánàá mo lẹ ojú rẹ.
Àrán dúdú ni mo fi ṣe ẹyinjú, àdìrẹ ni mo fi ṣe etí.
Mo dé orí ẹnu.
Mo lẹ pupa, mo yọ ọ́.
Mo lẹ funfun, mo yọ ọ́.
Mo fi bébà sìmẹ́ńtì sílẹ̀ lásán síbẹ̀.

Lo bá jí, lo wọ́ aṣọ ìbora rẹ wá,
o ti ìka bọ àwo ẹ̀gẹ́, o pọ́n ọn lá, o yínmú.
O tú àpò. O mú yẹ́lò kan,
kò ju èékánná lọ.
Mo di èémí mi mú, mo ń wo ẹnu àwòrán náà.

O ò tilẹ̀ wo ọ̀hún.
Orúnkún mi lo lẹ̀ ẹ́ mọ́,
o fọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta
bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn.

Ó ti gbẹ mọ́ mi lára láàárọ̀ yìí.
Mo ti bu omi ìwẹ̀.
Omi ń tutù.