Oníbodè Omi

Ọdún méjìdínlógójì ni Wiebren fi ṣọ́ ilẹ̀kùn omi
ní abúlé kan ní Friesland,
níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju òkun lọ,
tí ọkọ̀ ojú omi ń gba òkè orí màlúù kọjá.
Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á fun fèrè.
Wiebren á yí irin,
omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ á dọ́gba, ilẹ̀kùn á ṣí.
Kì í bi ẹnikẹ́ni pé, "Kí ló ń lé ọ?"

Àwọn àgbà ní oníbodè kan wà láàárín ayé àti ọ̀run.
Wọn ò sọ fún wa bóyá èèyàn lè fun fèrè fún un.

Nísinsìnyí iṣan ara Wiebren ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìka ló kọ́kọ́ lọ, apá tẹ̀ lé e,
lẹ́yìn náà ohùn, tó dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú agbè.
Èémí ló kàn. Dókítà sọ ọ́, kò fi bò.
Wiebren fọwọ́ sí ìwé,
bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kò sí mọ́:
ẹnu ló fi di bíírò mú, ó fa ìlà wíwọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ náà bá dìde, ó ń rìn.
Ó dé ilé búrẹ́dì. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì,
níbi tí Pásítọ̀ Ritsema ti ní,
"Ẹni tí kò dá ẹ̀mí, kò gbọdọ̀ dá a dúró."
Tjitske, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, nàró:
"Pásítọ̀, ìgbà mélòó lẹ ti nu itọ́
lẹ́nu ẹni tí kò lè gbé e mì?"
Mo mi orí.
Ni Gurbe bá yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwájú,
Gurbe tí kò fẹsẹ̀ rìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.
"Ẹ rọra. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín.
Ta ló sọ pé ẹ̀sín ni kí wọ́n fi ṣíbí bọ́ èèyàn?
Èmi ni ẹ ń bá wí o.
Mo jẹ ẹja lánàá. Ó dùn."
Mo tún mi orí.

Jeltje, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní, "Bàbá, mi ò fọwọ́ sí i."
Ó sọ ọ́ láàárọ̀, ó sọ ọ́ lálẹ́.
Douwe, àbúrò rẹ̀, ní, "Ta ló bẹ̀ ọ́? Ara ta ni?"
Ọ̀sẹ̀ méjì, ajá nìkan ni àwọn méjèèjì ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá ni wọ́n dá.
Òru Ọjọ́rú, omi dì gbagidi.
Nígbà tí dókítà dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀,
wọ́n ti gbé Wiebren jáde sórí yìnyín, bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lára rẹ̀.
Àwọn ọmọdé ń yọ̀ kọjá, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
Dókítà bẹ̀rẹ̀: "Ṣé ó ṣì dá ọ lójú?"
Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ náà fà yọ:
"Lọ́la."
Jeltje sunkún ayọ̀.
Ní ọ̀la, ó tún ní, "Lọ́la."
Ní ọjọ́ kẹta, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í sán.
Dókítà béèrè. Wiebren pa ojú dé lẹ́ẹ̀kan, ó là á.
Bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Jeltje kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á.
"Mi ò fọwọ́ sí i," ó tún wí.
Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀
títí ẹsẹ̀ náà fi tutù ju bó ṣe lè mú un móoru lọ.

Nígbà tí koríko hù, wọ́n tún pe ìpàdé.
Ariyanjiyan ṣì wà ńbẹ̀, ó tilẹ̀ sanra sí i.
Ẹnì kan bi Jeltje pé, "Ìwọ ńkọ́, apá wo lo wà?"
Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.
"Ìdí ẹsẹ̀ ni mo wà."