Aago Eléré Ìje

Ọmọ mi fowó ránṣẹ́ láti Jámánì,
ó ní, "Bàbá, ẹ ra aago gidi,
kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tì kiri lórí bárò."
Ni mo bá fá irùngbọ̀n, mo wọ bàtà ọjọ́ Jímọ̀,
mo forí lé ṣọ́ọ̀bù Gàníyù ní Òkè-Fìà.

Ó tẹ́ aṣọ sórí gíláàsì,
ó ń gbé wọn jáde bí ẹni ń gbé ẹyin àparò.
Ó ní ìdí eré ìje mọ́tò ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá,
pé àwọn awakọ̀ tó ń fò bí àṣá ni wọ́n ṣe wọ́n fún.
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa Píjò,
Òṣogbo sí Iléṣà, Òṣogbo sí Ìkìrun,
ẹnikẹ́ni ò ṣe aago fún mi.

Èkíní dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sójú títì,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ pupa, awọ ọwọ́ rẹ̀ ní ihò gbàgàdà-gbàgadà.
Ó dáa.
Ṣùgbọ́n àfi kí n na apá jìnnà kí n tó rí òǹkà rẹ̀.

Èkejì funfun. Ojú kékeré mẹ́ta wà nínú ojú ńlá,
bíi dáṣíbọọ̀dù Píjò mi nígbà tó ṣì ń sọ òótọ́.
Òǹkà yí etí rẹ̀ ká. Gàníyù ní
bí mo bá fi ìṣẹ́jú kan sá kìlómítà kan
aago á pè mí ní ọgọ́ta.
Mo ní bí mo bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sá a ńkọ́,
bí mo ṣe ń wakọ̀ báyìí?
Ó wo etí aago, ó wò mí.
Kò sí òǹkà fún ẹni tó ń rọra bọ̀.

Ìgbà náà ló ṣí dúrọ́ọ̀ abẹ́ kàǹtà, ó yọ ẹ̀kẹta.
Owó ọmọ mi kò dé ìdajì rẹ̀.
"Ẹ wò ó ná," ó ní, "wíwò ò gbowó."
Abẹ́rẹ́ méjì ló gorí ara wọn, èèyàn á pè é ní ọ̀kan.
Ó tẹ bọ́tìnnì, méjèèjì gbéra pọ̀.
Ó tún tẹ òmíràn: ọ̀kan dúró gbágá,
ìkejì ò wẹ̀yìn, ó ń lọ.
"Mọ́tò méjì tó bá jọ gbéra la ṣe é fún, Bàbá,
kí ẹ lè mọ iye tí ọ̀kan fi ju ọ̀kan."

Tìjání Afẹ́fẹ́!
Ọdún tí epo wọ́n, ọjọ́ ọjà Ìkìrun,
tèmi tìrẹ la jọ gbéra
nítorí èrò mẹ́fà àti àpò gààrí kan.
Ta ló kọ́kọ́ wọ gáréèjì? Ogójì ọdún la fi jiyàn rẹ̀,
lẹ́yìn ìrun, níbi ìkómọ, lórí ibùsùn ọsibítù pàápàá,
ìwọ ní ìwọ ni, èmi ní èmi ni,
bẹ́ẹ̀ ni kò sí aago lọ́wọ́ àwa méjèèjì lọ́jọ́ náà.
Ààwẹ̀ tó kọjá lo lọ, lójú oorun,
láìfọn fèrè.

"Gbé e padà," mo wí fún Gàníyù.
Ó rò pé owó ni. Mo jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀.

Mo mú funfun. Ẹ̀wọ̀n irin rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ mi,
ó yọ eyín méjì nínú rẹ̀, ó dì wọ́n sí bébà fún mi,
ó ní bóyá mo tún máa sanra.

Ọmọdé kan wa jíìpù kọjá fìàà létí títì.
Ìka mi lọ sí bọ́tìnnì, ó padà.
Ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo tẹ̀ ẹ́.
Láti Òkè-Fìà dé ẹnu ọ̀nà rẹ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ó lé díẹ̀.
Ìyàwó rẹ bi mí pé ṣé kò sí o.
Mo ní, "Ọjọ́ ọjà Ìkìrun yẹn, ọkọ yín ló kọ́kọ́ wọlé."
Ó ní, "Ọjọ́ wo?"