Ẹyin Mẹ́rin

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òkú ni òkun gbé sílẹ̀.
Èmi Peigi-Anna ni, tó pín lẹ́tà ní Uist
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, níbi tí Sìkọ́tílándì parí sí.
Mo dojú bolẹ̀ nínú iyanrìn tútù
láti aago mẹ́rin ìdájí,
kámẹ́rà níwájú, ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti kú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọjá lára wọn lánàá, n kò rí wọn.
Ẹyin mẹ́rin. Ìtẹ́ wo?
Kòtò lásán ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ,
ìkarahun wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ,
ẹyin sì gbé àwọ̀ òkúta wọ̀, ó rí tó-tò-tó.

Ẹyẹ náà dé. Kò ga ju ago tíì lọ.
Dúdú yí i lọ́rùn bí aṣọ ọ̀fọ̀,
ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí èèpo ọsàn.
Ó sáré fìrì, ó dúró gbọnin,
ó tún sáré, ó tún dúró,
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà.

Mo sún díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, bí ìka mẹ́ta.
Lójú ẹsẹ̀ ló jọ̀wọ́ apá òsì sílẹ̀,
ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ó ń ké:
mo ti kán o, wá pa mí jẹ, ọ̀hún ni kí o máa bọ̀.
Òpùrọ́! Apá tó kán yẹn náà ló fi fò lórí mi láìpẹ́.
Mo mọ irọ́ yẹn.
Ìyá mi pa irú rẹ̀ fún wa lọ́dún tí bàbá kò ti ojú omi bọ̀:
ó ní ebi ò pa òun, ká máa jẹun.

Ẹyin lohùn, wọ́n ní.
Èmi tí ẹyin gidi wà níwájú mi, mo gbé ohùn mì.
N kò tilẹ̀ wúkọ́.

Àfi bí katakata Fionnlagh ṣe dún.
Ewé òkun ló wá kó fún oko ọ̀dùnkún rẹ̀,
bí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń fi agbọ̀n rù ú.
Tààrà ló ń bọ̀.
Mo wo inú kámẹ́rà: ìmọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ abẹ́ àyà ẹyẹ,
ẹyin kan yọjú, ohun tí mo ti ń dẹ láti oṣù Karùn-ún.
Mo dìde.
Mo ń ju fìlà sókè, mo ń pariwo bí ẹni iná ń jó.
Ẹyẹ lọ, àwòrán lọ.

Fionnlagh tẹ bíréèkì. "Níbo?"
Mo nawọ́. Kò rí nǹkan kan.
Ó gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀ náà, ó yí ọkọ̀.

Àwòrán kan ṣoṣo tó dára tí mo yà lọ́dún yìí,
kò sí ẹyẹ nínú rẹ̀.
Ojú táyà méjì ló ń bọ̀ ṣánṣán láti ìdí àpáta,
tó ṣàdédé yà bàrá,
tó yí ibi òfìfo kan po,
kó tó máa bá tirẹ̀ lọ sétí omi.
Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́.
Àwọn àgbà ń bi mí pé kí ni mo rí yà níbẹ̀.

Seonag ọmọ Fionnlagh, ọmọ ọdún mẹ́fà,
gun àpótí, ó fi imú kan gíláàsì:
ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta.
Ó ku ọ̀kan, mo ní.
Ó ṣì ń wá a.